Bí Ọkọ̀ Funfun Kò Bá Rì

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1120, Ọkọ̀ Funfun, tí ọtí ń pa àwọn atukọ̀ rẹ̀, forí sọ àpáta nítòsí èbúté Barfleur ní Normandy, ó sì rì pẹ̀lú William Adelin, àrẹ̀mọ Henry Kìíní, ìyẹn ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ́ sí. Àwọn ìjòyè búra fún Matilda, ọmọbìnrin ọba, ṣùgbọ́n nígbà tí Henry wàjà lọ́dún 1135, Stephen, ọmọ arábìnrin rẹ̀, tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà kó tó ṣí, sáré gorí ìtẹ́, ogun abẹ́lé sì gbóná títí di ọdún 1153. Ká ní àrẹ̀mọ yè é ni, ó ṣeé ṣe kí oyè bọ́ sí i lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí Henry Kejì, ọmọ Matilda, tó jọba lọ́dún 1154, má sì dé adé náà láéláé.