Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ohun tí Ìtàn Dùgbẹ̀ Kọ́ Wa nípa Òwò, Ibodè àti Àjèjì

Nígbàkúùgbà tí a bá pé jọ ní ìpàdé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kì í wọ́n lẹ́nu wa. Èkíní ni pé ọjà òkèèrè ti gba àtẹ lọ́wọ́ ọjà tiwa. Èkejì ni pé àwọn ọmọ tí a làágùn kí a tó rán wọn ní ilé ìwé ń kó lọ sí Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn àjèjì ń pọ̀ sí i láàárín wa, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ọmọ onílé máa ṣe. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ayé ti di ọjà kan ṣoṣo, ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé àná ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ní Dùgbẹ̀ títí dé ìdí Ilé Kòkó ti rìn já ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé náà ni ènìyàn ń gbà wọlé, òun náà sì ni ọmọ ẹni ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá ní kí a ṣí i fún ọjà, kí a sì tì í mọ́ ènìyàn, kí ó rọra, kí ó má baà ti ara rẹ̀ mọ́ ìta.

Nígbà tí ibodè wà láàárín wa

A kò gbàgbé Lágelú àti ìlú tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti àwọn Ẹ̀gbá kan jọ dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè nígbà náà pé, “Níbo ni o ti wá?” kí a má dá ìbéèrè kan náà padà sí i. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé Ìbàdàn a máa gbe àjèjì ju onílé lọ.

Ní ayé ìgbà náà, oníbodè wà ní ẹnu odi ìlú, wọn a sì máa gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kí ó tó kọjá. Ìbàdàn kò sí ní etí òkun. Iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ní láti gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn aládùúgbò wa ti ọ̀nà mọ́ wa, ìyà rẹ̀ sì jẹ ìlú. Ní ọdún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún 1893, àwọn ìjòyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ọ̀nà ṣe là. Ṣùgbọ́n ìbọn ni wọ́n fi là á, ẹni tí ó bá sì fi ìbọn la ọ̀nà, nítorí ẹrù tirẹ̀ ni ó ṣe là á.

Ọkọ̀ ojú irin dé Dùgbẹ̀

Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn láti Èkó. Ní ọdún 1907 ó dé Òṣogbo, kí ọdún 1912 sì tó parí, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sọ̀ ní Kánò. Ilẹ̀ tí ó yí ibùdókọ̀ ká, tí ó jìnnà sí Ọjà’ba àti àwọn agbo-ilé àtijọ́, di ìlú titun. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ilé ìkẹ́rù sí i, àwọn bíi John Holt, Paterson Zochonis, C.F.A.O. àti U.A.C. Àwọn ará Lẹ́bánọ́nì àti Síríà, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kòráà, tẹ́ aṣọ sí Gbági. Orúkọ ilẹ̀ wọn ni a fi sọ Lebanon Street níbẹ̀. Ní ọdún 1916 ni àwọn Hausa rí ilẹ̀ gbà ní Sábó. Obì ni wọ́n ń rà lọ sí Òkè Ọya, màlúù ni wọ́n sì ń dà bọ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀nà kan náà ti gbé gbogbo wọn wá: aṣọ Manchester, Kòráà tí ń tà á, àti Hausa tí ń fi owó obì rà á. Ta ni ìbá ti lè ya ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ọlọ́jà?

Iṣẹ́ kan kú, iṣẹ́ mìíràn sì bí. Aláàárù tí ń fi orí ru ẹrù lọ sí etí òkun rí i pé irin ti gba iṣẹ́ òun. Obìnrin tí ń hun kíjìpá rí i pé aṣọ òyìnbó pọ́ọ́kú ju tòun lọ. Ṣùgbọ́n ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ̀wé, alágbàtà kòkó, télọ̀, awakọ̀ àti àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni tí ó mọ̀wé jèrè ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí títí di òní: ọjà titun kì í pa gbogbo ènìyàn lára, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ní oore.

Ta ni ó ń dá iye kòkó?

Kòkó ni ó sọ Dùgbẹ̀ di Dùgbẹ̀. Láti oko Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni àwọn alágbàtà ti ń kó o wá sí orí òṣùwọ̀n, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Àgbẹ̀ a máa mọ ìgbà òjò, a máa mọ àrùn tí ń bá igi jà, ṣùgbọ́n kì í mọ iye tí òun yóò tà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé lẹ́yìn ọdún 1929, owó kòkó já wálẹ̀. Ilẹ̀ kò yí padà, ọwọ́ àgbẹ̀ kò rọ, òjò kò kọ̀ láti rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Níú Yọ́ọ̀kì ni ó mú kí àpò rẹ̀ gbẹ.

Ní ọdún 1947 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ra kòkó, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Bọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1954 ó bọ́ sí ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Bọ́ọ̀dù ni ó ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà; bí ọjà àgbáyé bá ga ju iye náà lọ, èlé rẹ̀ a wọ inú àpò ìjọba. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní, ọdún 1955. Ní ìgbà náà ni a kọ́ àwọn ilé ìgbàlódé sí Bódìjà, tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Ní ọdún 1965 ni Ilé Kòkó parí, tí ó ga fíofío ní Dùgbẹ̀. Iná jó o ní ọdún 1985, a sì tún un ṣe.

A ń fi ilé náà yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òdodo ọ̀rọ̀ ni pé púpọ̀ nínú owó náà jẹ́ owó tí àgbẹ̀ kò rí gbà. Nígbà tí iye kòkó kò tó nǹkan mọ́ tí owó orí sì ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn àgbẹ̀ dìde ní ọdún 1968 àti 1969 nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọrọ̀ tí ó bá ti ọjà ayé wá, bí kò bá dé oko, inú oko ni ìjà rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lé wa, àwa náà sì lé ènìyàn

Ní àkókò kan náà ni ìbànújẹ́ mìíràn dé. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Gánà, láti ìgbà tí ó ti ń jẹ́ Góòlù Kóòsì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Ṣakí pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ́lé, wọ́n sì bímọ. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àjèjì ti gba òwò mọ́ onílé lọ́wọ́. Ọmọ tí a bí ní Kùmásì, tí kò gbọ́ orúkọ ìlú baba rẹ̀ rí bí kò ṣe lẹ́nu òbí rẹ̀, di ẹni tí ń ru ẹrù bọ̀ ní ilé tí kò mọ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ọdún 1975, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ní Èkó. Ní ọdún 1979 wọ́n tún ṣe àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láì gba físà. Owó epo ń ṣàn ní Nàìjíríà nígbà náà, àwọn ará Gánà sì wá bá wa ṣiṣẹ́: olùkọ́, bíríkìlà, olùtún-bàtà-ṣe. Lẹ́yìn náà owó epo já wálẹ̀. Ní oṣù kìíní, ọdún 1983, ìjọba wa pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Àwọn tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ni púpọ̀ nínú wọn. Àpò onílà-nílà tí wọ́n di ẹrù sí ni a fi ṣe ẹ̀fẹ̀, tí a ń pè ní “Ghana Must Go” títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ṣé iṣẹ́ pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n lọ? Kò pọ̀ sí i. Ní ọdún 1986 ìjọba já owó náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀, ó sì tú Bọ́ọ̀dù ká. Àwọn olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn dókítà ní UCH bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù tiwọn. Kì í ṣe ará Gánà ni ó já owó epo wálẹ̀, bí kì í ti í ṣe ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ba ọrọ̀ Gánà jẹ́. Ẹni tí ó dá iye ọjà jìnnà, ọwọ́ wa kò tó o. Àjèjì ni ó wà nítòsí tí ọwọ́ tó.

Ìgbà tiwa yìí

Títí di ọdún 1962, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, kí ó gúnlẹ̀ sí Liverpool láì gba àṣẹ kí ó tó ṣiṣẹ́. Òfin ọdún náà ni ó kọ́kọ́ fún ilẹ̀kùn náà mọ́ra, wọn kò sì dẹ́kun fífún un. Ní oṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà lọ tọ́jú arúgbó níbẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ lọ mọ́. Àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tí òfin náà bá.

Nílé níhìn-ín, oṣù keje, ọdún 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ láàárín gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni ìjọba ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn ibodè orí ilẹ̀ yòókù pa, nítorí ìrẹsì tí wọ́n ń fà wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú. Ó di oṣù kejìlá, ọdún 2020, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn. Nínú oṣù wọ̀nyí, àgbẹ̀ ìrẹsì rí ọjà tà, ṣùgbọ́n ìrẹsì wọ́n lórí àtẹ.

Ní oṣù kẹfà, ọdún 2021, ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, a ṣí ọkọ̀ ojú irin titun láti Èkó dé Mọ́níyà. Ilé iṣẹ́ Ṣáínà ni ó ṣe é, Ṣáínà ni ó sì yá wa ní púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Ọ̀nà ti yí padà, ẹni tí ó là á ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹrù wa kò tíì yí padà tó: kòkó gbígbẹ ni a ṣì ń tà jù, ṣokoléètì ni a sì ń rà padà. Ní Àgbowó, ní iwájú Yunifásítì, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ń jókòó nílé wọn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fún ọ̀gá tí ó wà lókèèrè. Àwọn mìíràn sì ń tẹ ìwé ìrìn àjò. Ilẹ̀kùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń kàn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ìtàn tí a kò bá fi ṣe nǹkan, àlọ́ ni. Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá síwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi má ṣe fi owó ìnáwó nìkan ránṣẹ́. Ẹ fi ọgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rí níbẹ̀ ránṣẹ́, kí a lè máa sọ kòkó di ohun jíjẹ níhìn-ín kí ó tó wọ ọkọ̀. Èkejì, kí a máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé, nítorí ẹni tí ó ní méjèèjì ni ọjà titun kì í bá lójijì. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa àti ọwọ́ wa lórí àjèjì. Ẹni tí ó bá rú òfin, kí òfin mú un, ìbáà jẹ́ onílé. Ṣùgbọ́n a kò lè máa bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ wa ní Ìlú Ọba, kí a tún máa pariwo lé ọmọ ọlọ́mọ ní Mọ́kọ́lá.

Àwọn baba wa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa fi kún un pé ọ̀nà tí ó wọ ọjà ni ó tún ń jáde níbẹ̀. Kí Olódùmarè mú àwọn ará wa tí ó wà lókèèrè bọ̀ wálé ní àlàáfíà, kí ó má sì jẹ́ kí a lé ẹni tí a óò tún bá pàdé lójú ọ̀nà. Kí Ìbàdàn ó máa gbòòrò sí i. Àmín.