Ta Ni Ó Ni Ọ̀sán Gangan? Ìtàn Aago tí Gbogbo Ayé Ń Tẹ̀ Lé



Kí aago tó dé ilẹ̀ wa, oòrùn ni àwọn baba wa ń wò. Bí òjìji ènìyàn bá ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀sán gangan ni. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀sán tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: aago Bristol fi ìṣẹ́jú 10 gbẹ́yìn ti London, kò sì ni ẹnikẹ́ni lára.

Rélùwéè ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣòro, nítorí pé ọkọ̀ kan kò lè máa lo aago ogún ìlú. Ní ọdún 1880, òfin sọ aago Greenwich di ti gbogbo ilẹ̀ Britain. Ní 1883, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà àti Kánádà pín ilẹ̀ wọn sí ẹkùn àkókò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1884, aṣojú 41 láti orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington láti yan ìlà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé yóò ti máa ka àkókò. Ojú inú ni a fi fa irú ìlà bẹ́ẹ̀, láti òpin àríwá dé òpin gúúsù ayé. Àwọn Faransé ní kí a yan èyí tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan, ṣùgbọ́n a kò gbà fún wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí ọkọ̀ òkun ayé lè kó, 72 wà nínú ọkọ̀ tí ń fi ìlà Greenwich tukọ̀ tẹ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè 22 dìbò fún Greenwich. San Domingo kọ̀ ọ́. Faransé àti Bràsíìlì kò dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ìpàdé yìí kò pín ayé sí ẹkùn àkókò, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó yan aago tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún 1911 ni Faransé tó gbà, òfin wọn kò sì dárúkọ Greenwich rárá. Ohun tí ó wí ni pé aago Faransé jẹ́ aago Paris tí a fi ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 21 dá padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ wò yóò mọ̀ pé àbùkù ni wọ́n ń bò.

Faransé ní ẹnu láti fi kọ̀. Àwa ńkọ́? Nínú gbogbo Áfíríkà, Làìbéríà nìkan ni ó ní aṣojú níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ìpàdé náà parí ni òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa, láìsí ọmọ Áfíríkà kankan níbẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Lẹ́yìn wa ni a fá tiwa. Ìjọba amúnisìn ni ó fi aago Nàìjíríà ṣáájú ti Greenwich ní ààbọ̀ wákàtí ní 1914, tí ó sì sọ ọ́ di wákàtí kan ní 1919. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di òní. Ìdí nìyí tí oòrùn Èkó fi ń dé àárín ọ̀run ní nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 46. Ìlà tí aago wa ń tẹ̀ lé gba ìtòsí N'Djamena ní ilẹ̀ Chad. Kò kan Nàìjíríà rárá. Ẹni tí ó bá sì kúrò ní Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin lọ bá àwọn ará wa ní Atakpamé ní Tógò yóò dá aago rẹ̀ padà ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ìlú méjèèjì kò fi ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ síra wọn.

Láti 1972, oòrùn Greenwich pàápàá kì í ṣe ìpìlẹ̀ mọ́. Aago átọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni a ń ṣírò pọ̀ ní Sèvres, lẹ́bàá Paris, láti gba àkókò tí a ń pè ní UTC. Títí di 2016, ìgbà 27 ni a ti fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún un kí ó lè bá yíyí ayé mu. Ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé, ó pẹ́ tán, ní 2035, a óò dẹ ìdè náà.

Èdè wa ti sọ òtítọ́ yìí tipẹ́. Ara agogo, irin tí a ń lù láti pe ènìyàn jọ, ni a ti yọ orúkọ aago. Ohun tí a fi àdéhùn ṣe, àdéhùn lè tún un ṣe, bí a bá wà níbi tí a ti ń ṣe é. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ ni láti rí i pé ọmọ tí ń ka aago mọ ẹni tí ó lu agogo náà.