Epo Tó Dì Kì Í Ṣe Ayédèrú

Epo pupa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọyẹ́ ti dé, ìjà sì ti bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á ra manjà lọ́wọ́ wa lónìí, tílẹ̀ bá mọ́, ó ti dì bí òrí nínú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á ní a ti lú u, wọn ò sì ní san owó tó kù.

Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa ni ọkọ̀ wọn wá ń kó létí òkun wa. Ẹ má rò pé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sè o! Ọṣẹ ni, àti àbẹ́là, àti gírísì ẹ̀rọ. Dídì tí wọ́n fi ń bú wa ní Jos yìí wà lára ohun tó mú kó wúlò fún wọn.

Chevreul, ará Faransé, ló tú àṣírí ọ̀rá nínú ìwé tó kọ ní 1823. Ó ní ọ̀rá màlúù o, epo o, gilisẹrínì àti ásíìdì ọ̀rá ló para pọ̀ di wọ́n. Lónìí a mọ̀ pé gilisẹrínì kan ló ń so ásíìdì mẹ́ta mọ́ra, bí orí kan tó ní ìrù mẹ́ta. Ní 1840, Frémy, ará Faransé bíi tiẹ̀, rí ọ̀kan nínú epo pupa. Orúkọ ọ̀pẹ ni wọ́n fi pè é: palmitic.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ìrù palmitic gún gbọọrọ, wọ́n ń tò mọ́ra bí igi ìdáná tó tọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú òróró ẹ̀pà tẹ̀ láàárín, kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra dáadáa. Nínú epo pupa, bí ìdajì ìrù wọ̀nyẹn ló gún. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, òtútù wa kì í ṣe ti Èkó, kí ni epo ò ṣe ní dì?

Dídì kọ́ la fi ń mọ ayédèrú. Èyí tí wọ́n da àwọ̀ Sudan sí, tí NAFDAC ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, náà á dì. Pupa tòótọ́ inú epo, kárótììnì ni, òun ni ara wa ń sọ di fítámì A fún ojú. Ọ̀rá náà ló sì wà nínú awọ tó bo gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara.

Èmi ti sọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi: kó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú omi gbígbóná lójú oníbàárà, kó yọ́ tán kó tó wọ̀n ọ́n.