Ìdènà Àìjẹunrekánú lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanra

Ìdènà àìjẹunrekánú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìsanra ni ètò oúnjẹ, oògùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́ ní láti máa tẹ̀ lé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wákàtí díẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ fi ń parí iṣẹ́ tirẹ̀, ti aláìsàn kò sì lópin.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, a ó gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù sọnù. Nínú èkejì, a ó ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, a ó sì so ó mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀, tí oúnjẹ yóò fi máa fo ibi tí ara ti ń gba irin àti kásíọ̀mù dá. Òwe wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ti ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún yàtọ̀, nítorí apá tí a gé sọnù nínú ọ̀nà èkíní ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú ohun tí ń pe ebi, ebi kì í sì í pa á tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń ṣe aláìní. Àwọn ará a máa bá a yọ̀ pé ó fúyẹ́, wọn kò ní mọ̀ pé ẹran ara ń bá ọ̀rá lọ.

Ní 1954, àwọn oníṣẹ́ abẹ Kremen àti Linner ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tí ó fo ọ̀pọ̀ ìfun kékeré dá. Àwọn tí a ṣe é fún fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìjẹunrekánú àti àrùn ẹ̀dọ̀ bá ọ̀pọ̀ wọn jà, títí àwọn oníṣègùn fi pa á tì. Láti inú ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ Mason àti Ito gbé jáde ní Iowa ní 1967 ni ọ̀nà kejì tí a sọ lókè ti wá.

Nínú ìdènà àìjẹunrekánú, purotéènì ni àkọ́kọ́: ó kéré tán gíráàmù 60 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kò ju nǹkan bí 6 lọ. Ní Nàìjíríà, àwọn ìlú ńlá bí Èkó àti Àbújá ni a ti sábà ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ padà sí Isolo-Opin, ní ilẹ̀ Èkìtì ti Kwara, yóò bá àwọn ènìyàn tí iyán jẹ́ oúnjẹ fún, tí ọkà sì jẹ́ oògùn. Inú tí kò gbà ju ìwọ̀nba lọ kò gbọdọ̀ fi òkèlè ṣáájú. Ẹja, ẹyin, wàrà àwọn Fúlàní àti mọ́ínmọ́ín ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Omi kì í bá oúnjẹ rìn. Ó tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó mu ún.

Oúnjẹ nìkan kò tó. A ní láti máa lo kásíọ̀mù mílígíráàmù 1200 sí 1500 lójúmọ́ pẹ̀lú fítámì D; obìnrin tí ó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù nílò irin mílígíráàmù 45 sí 60. Wákàtí méjì ni kí ó wà láàárín irin àti kásíọ̀mù, nítorí ọ̀kan a máa dènà èkejì. Obìnrin a sì dúró fún oṣù 12 sí 18 kí ó tó lóyún.

Èébì tí kò dáwọ́ dúró léwu jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó lè gbọ́n fítámì B1 gbẹ, kí ojú ṣú, kí ẹsẹ̀ máa ta, kí iyè sì ra. Fítámì yìí ni kí a fún aláìsàn kí a tó fa omi ṣúgà sí i lára. Ti B12 kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún púpọ̀, àìtó rẹ̀ a sì lè yọjú nígbà tí onítọ̀hún ti gbàgbé iṣẹ́ abẹ. Nítorí èyí ni a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra ní ọdún kìíní, àti lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, ní ilé ìwòsàn ńlá bí ti Yunifásítì Ìlọrin, bí ara tilẹ̀ le koko.