Iṣẹ́ ní Ìkẹjà, Oorun ní Agége

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Àgídìngbì, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí kálukú wa dárúkọ ìlú bàbá rẹ̀, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀fà la ó máa gbọ́. Ìlú ojú irin ni gbogbo wọn.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Ní 1901 ó ti dé Ìbàdàn. Agége wà lójú ọ̀nà. Oko kòkó àti obì àwọn bíi J. K. Coker ti ń fa lébìrà wá síbẹ̀, obì sì fa àwọn Hausa oníṣòwò wá. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà. Kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà yẹn. Ó di 1967. Cadbury fìdí kalẹ̀ sí Àgídìngbì, Dunlop ń ṣe táyà n'Íkẹjà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá? Ẹ̀gbọ́n á ríṣẹ́, á ránṣẹ́ pe àbúrò. Àbúrò á tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, títí wọn ó fi gbà á ní géètì iléeṣẹ́ kan. Owó ilé Ìkẹjà kò ṣeé sún mọ́, ni wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, wọ́n ń sùn l'Ágége.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà. SAP dé ní 1986, owó náírà já wálẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1991, ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì tẹ̀ lé e. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Iléeṣẹ́ ti pọ̀ ní Ọ̀tà àti Àgbárá, ilẹ̀ sì dínwó ní Ìfọ̀ àti Mowé. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀nà tí àwọn bàbá wa gbà wọlé náà ni àwọn ọmọ wa ń gbà jáde.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ibo wá ni ilé? Ilé tí bàbá kọ́ sí ìlú rẹ̀ ti ń ṣófo, ọmọ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú wa kọ ìlú tí òbí rẹ̀ ti wá sílẹ̀, ọdún tó dé, àti orúkọ ẹni tó gbà á sílé. Ká tètè bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.