dá àmì ààbò padà

Ìsọ̀rí: àpólà-ìṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, *dá … padà*, jẹ́ ẹlẹ́là: ohun tí a dá padà ni ó máa ń wà láàárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara rẹ̀ ni *ìdápadà àmì ààbò*.

Ìtumọ̀: (nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà) láti fún fáìlì tàbí fódà ní àmì ààbò tí ìlànà ẹ̀rọ náà yàn fún ibi tí ó wà.

Àlàyé: Inú SELinux, ètò ààbò ti Linux, ni a ti sábà máa ń bá gbólóhùn yìí pàdé. Àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé ètò náà jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2000. Ó sì di apá kan Linux fúnra rẹ̀ ní 2003. Lábẹ́ rẹ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì tí ó sọ irú ohun tí ó jẹ́. Àṣẹ `ls -Z` ni a fi ń wò ó. Fáìlì inú ilé oníṣẹ́ sábà máa ń ní `user_home_t`. Ojú-ewé ìtàkùn a máa ní `httpd_sys_content_t`. Bí a bá kọ ojú-ewé kan sínú ilé wa, tí a sì fi `mv` gbé e lọ sí `/var/www/html`, àmì ilé ni yóò gbé dé ibẹ̀, ètò tí ń pín ojú-ewé kò sì ní lè kà á. Bí a bá fi `cp` ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà náà yóò gba àmì ibi tí ó dé.

Àpẹẹrẹ:
- *Nígbà tí o bá gbé àwọn ojú-ewé náà dé, dá àmì ààbò wọn padà:* `restorecon -Rv /var/www/html`.
- *Ìdápadà àmì ààbò gbogbo fáìlì lè pẹ́ díẹ̀ bí dísìkì bá tóbi.*

Àkíyèsí ìlò

1. *Padà sí ibo?* Ẹni tí ó bá dá owó padà, olówó ni ó dá a padà fún. Níhìn-ín, ìlànà ni ó ni àmì, kì í ṣe àná. Nítorí náà, má ṣe kọ *dá a padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀*. Kọ *dá a padà sí bí ìlànà ti yàn án*. Àmì àná lè jẹ́ èyí tí ó ṣì gan-an.

2. *Dá padà* àti *yí padà.* Lo *yí àmì ààbò padà* fún `chcon`, nítorí pé ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ni ó yan àmì tuntun. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń parẹ́ nígbà tí a bá dá àmì padà. Bí a bá fẹ́ kí ó dúró, a ó fi `semanage fcontext` kọ ọ́ sínú ìlànà, lẹ́yìn náà ni a ó lo `restorecon`. Atúmọ̀ tí ó bá pe méjèèjì ní *yí padà* ti fi ìyàtọ̀ yìí pamọ́ fún òǹkàwé.

3. *Àmì* àti *ìyọ̀ǹda.* Ìyọ̀ǹda ni ó ń sọ ẹni tí ó lè ka fáìlì tàbí kọ sí i. Bí a tilẹ̀ yọ̀ǹda fún gbogbo ayé, àmì tí kò tọ́ yóò ṣì dí ọ̀nà. Fi *àṣẹ* sílẹ̀ fún ohun tí a tẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ìyọ̀ǹda.

4. *Ohun tí a kò gbọdọ̀ fò.* Ìtọ́sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí a gbàgbé sábà máa ń parí sí `touch /.autorelabel`, èyí tí ó ń mú kí ẹ̀rọ dá gbogbo àmì padà bí ó bá ti ń tan. Bí ìlà yìí bá sọnù nínú ìtumọ̀, `/etc/shadow` lè wà láìní àmì tí ó yẹ, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ kò sì ní lè wọlé.

Wo pẹ̀lú: àmì, àṣẹ, ìlànà, ìyọ̀ǹda, yí padà.