Idà Tí Ń Mu Ẹ̀mí: Bí Ìtàn Elric Ṣe Di Eré Orí Tábìlì

Nígbà tí a bá mú ìtàn kúrò nínú ìwé tí a sì sọ ọ́ di eré, kí ni ó yẹ kí ó bá a lọ, kí sì ni a lè fi sílẹ̀ láìba ìtàn náà jẹ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun fún olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀. Nínú àròkọ yìí, a ó fi ìtàn kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ìdáhùn sí i. Ìtàn náà ni ti Elric, ọba àfín, àti Stormbringer, idà ègún rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1976 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un wọ inú eré orí tábìlì, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe é kò rí bákan náà. Èrò tiwa ni pé gbígba idà nìkan kò tó. Gbèsè tí idà náà ń dì mọ́ ẹni tí ó mú un lọ́rùn ni ẹ̀mí ìtàn náà. Eré tí ó bá fi gbèsè yìí sílẹ̀, àwọ̀ ìtàn ni ó gbà, kò gba ẹran ara rẹ̀.

Michael Moorcock, tí a bí ní London ní ọdún 1939, ni ó kọ ìtàn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1961 ni èyí àkọ́kọ́, The Dreaming City, jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science Fantasy, tí John Carnell jẹ́ olóòtú rẹ̀. Nígbà náà, àwòkọ́ṣe fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni Conan, akọni tí Robert E. Howard ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1932: abarapá ọkùnrin tí apá rẹ̀ ká ohun gbogbo. Moorcock mọ̀ọ́mọ̀ dojú àwòkọ́ṣe yìí dé. Àfín ni Elric. Ara rẹ̀ kò le, oògùn ni ó fi ń gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó jọba lórí erékùṣù Melniboné, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi ìwà ìkà ṣe olúwa ayé fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gba ìwà ìkà náà tán.

Idà dúdú náà ni ó fún un ní okun. Bí ó bá ti gún ènìyàn, idà a mu ẹ̀mí olúwarẹ̀, a sì pín nínú agbára ẹ̀mí náà fún Elric. Ṣùgbọ́n idà yìí ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, kì í sì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ náà, Elric fúnra rẹ̀ ni ó kó àwọn ajagun ojú omi wá kọ lu Imrryr, olú-ìlú àwọn baba rẹ̀, kí ó lè gba Cymoril, ìbátan àti àyànfẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ Yyrkoon tí ó jí ìtẹ́ gbà. Ìlú parun, Cymoril pẹ̀lú sì kú sí ẹnu idà tí ó wà lọ́wọ́ Elric. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Irú ẹ̀dá ìtàn báyìí ni a pè ní akọni alábàwọ́n. Ó yàtọ̀ sí ọ̀dàlẹ̀, nítorí pé ire ni ó ń wá. Ó sì yàtọ̀ sí akọni gidi, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà wá ire náà ni ó ń sọ ọ́ di ibi. Moorcock kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé irú idà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Nínú Kalevala ti ilẹ̀ Finland, tí Elias Lönnrot ṣe àkójọ rẹ̀, Kullervo bá idà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó fi í pa ara rẹ̀. Ní ọdún 1954, Poul Anderson ará Amẹ́ríkà kọ The Broken Sword, níbi tí idà ègún ti ń lépa ẹni tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan nípa àhunpọ̀ ìtàn yìí. Ní ọdún 1964 ni Moorcock ti kọ ikú Elric. Ní ọdún 1965 ni a kó àwọn ìtàn ìkẹyìn náà jọ sí ìwé tí a pè ní Stormbringer. Níbẹ̀, ẹ̀mí Moonglum, ọ̀rẹ́ tòótọ́ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù, ni idà mu ṣáájú kí ó tó yíjú sí Elric alára. Ẹni tí ń fi idà pani kì í jẹ́ kí a mú idà kọjá nípàkọ́ òun. Ṣùgbọ́n ibo ni ènìyàn yóò sá gbà nígbà tí idà náà wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀? Ìgbà tí ó di ọdún 1972 ni òǹkọ̀wé tó fi Elric of Melniboné sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Òǹkàwé ti mọ òpin kí ó tó mọ ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí kádàrá ti dì pa ni.

Ní ọdún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Eré náà kò ní aṣọ tàbí orí ìtàgé. Àwọn ènìyàn díẹ̀ a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan a jẹ́ olùdarí, a máa ṣàpèjúwe ibùdó ìtàn àti ewu inú rẹ̀. Olúkúlùkù àwọn yòókù a sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ ṣe. Bí ọ̀ràn bá ṣòro, wọn a da dáìsì, bí a ti ń dà á nígbà tí a bá ń ta lúdò, láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò mọ òpin ìtàn náà ṣáájú.

A ó rí i pé ìdènà mẹ́ta ni ó wà níwájú ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn Elric di irú eré yìí. Èkínní, ìtàn Elric jẹ́ ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n eré jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Èkejì, òpin ìtàn ti wà, ṣùgbọ́n òpin eré kò sí. Ẹ̀kẹta ni ó le jù: òǹkàwé lè sunkún nítorí agbára tí ń pa olólùfẹ́, ṣùgbọ́n agbára ni òṣèré ń wá bọ̀ wá sídìí tábìlì.

Ọ̀nà kìíní tí a gbà ni ti Dungeons & Dragons fúnra rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti pín àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sábẹ́ Òfin, Ìdàrúdàpọ̀, tàbí àárín méjèèjì. Inú ìwé Anderson àti ti Moorcock ni irú ìpín yìí ti wá. Ní ọdún 1976, ìwé Gods, Demi-gods & Heroes tí Robert Kuntz àti James Ward kọ fi Elric àti àwọn òrìṣà Melniboné sínú eré náà. Ní ọdún 1979, Lawrence Schick kọ White Plume Mountain, níbi tí àwọn òṣèré ti ń wá àwọn ohun ìjà mẹ́ta kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Blackrazor, idà dúdú tí ń mu ẹ̀mí, tí ìran rẹ̀ kò fara sin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò rẹ̀: ìṣúra ni, èrè ìrìn-àjò. Idà ti dé, Cymoril kò bá a dé.

Ní ọdún 1980, ìwé Deities & Demigods tún ya orí kan sọ́tọ̀ fún Melniboné. Ilé-iṣẹ́ Chaosium ní California, tí ó ti gbé ayò Elric jáde ní ọdún 1977, ní àṣẹ lórí ìtàn náà, wọ́n sì yọ orí ọ̀hún kúrò nínú àwọn ẹ̀dà tí a tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ojú ìwé 144 di 128.

Ọ̀nà kejì ni ti Chaosium. Ní ọdún 1981, Ken St. Andre àti Steve Perrin kọ eré tí wọ́n sọ ní Stormbringer. Wọn kò fi idà náà fún òṣèré kankan. Elric ni ó ṣì mú un. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ májẹ̀mú tí ó wà láàárín Elric àti idà rẹ̀ di òfin tí ó kan gbogbo ènìyàn. Nínú eré yìí, oṣó a máa pe ànjọ̀nú, a sì máa dè é mọ́ ohun èlò, ìbáà ṣe idà tàbí ìhámọ́ra. Bí dáìsì bá kọ̀, ànjọ̀nú lè kọ lu ẹni tí ó pè é. Gbogbo ẹni tí ó bá wá agbára di Elric kékeré. Ìdènà kìíní ti kúrò lọ́nà, ìdènà kẹta sì ti rí ojútùú: agbára wà, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Eré náà ní àlébù tirẹ̀. Dáìsì ni ń sọ ìlú tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹnì kan lè di oṣó Melniboné, kí ẹni tí ó jókòó tì í di alágbe láti Nadsokor. Àwọn kan rí i bí àìṣẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ó bá ayé Moorcock mu, níbi tí a kò ti pín nǹkan dọ́gba. Ní ọdún 1993, Lynn Willis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún eré náà kọ ní orúkọ Elric!. Wọ́n dín ìyàtọ̀ yìí kù, wọ́n sì jẹ́ kí a máa ka àmì bí ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń fà á sọ́dọ̀ Òfin, Ìdàrúdàpọ̀, tàbí Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mongoose ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé tiwọn jáde.

Kò sí òfin tí ó lè pàṣẹ kí òṣèré sunkún. Èyí ni ohun tí ìtàn ní tí eré kò lè gbà. Ṣùgbọ́n eré náà ní ohun kan tí ìtàn kò ní. Nínú ìwé, kádàrá ni ó gbé idà sí Elric lọ́wọ́. Àwa òǹkàwé ń ṣàánú rẹ̀, ọwọ́ wa sì mọ́. Ní ìdí tábìlì, olùdarí a béèrè pé, ṣé ìwọ yóò pe ànjọ̀nú náà? Òṣèré mọ ewu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú un. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tirẹ̀ ni ẹ̀bi. Òpin tí a kò kọ sílẹ̀, tí ó jọ ìdènà kejì, wá di ohun tí ó mú kí òṣèré mọ ìwúwo idà náà lára.

Nítorí náà, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá ẹ̀dà kan jẹ́ olóòótọ́ sí ìtàn tí a ti mú un jáde, kí ó má ṣe dúró lórí kíka orúkọ àti ohun èlò tí ó jọra. Kí ó kọ́kọ́ wá ohun tí ìtàn náà ń ná ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wò ó bóyá ẹni tí ó wà nínú ẹ̀dà náà ń san iye kan náà. Blackrazor mu ẹ̀mí bí Stormbringer ti ń mu ún. Ẹni tí ó rí i kà á sí ìṣúra, ó sì gbé e lọ sílé. Elric kò ní ilé tí ó lè gbé tirẹ̀ lọ.